Wọ́n Á Sẹ́: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìròyìn Ìlòkulò Agbára àti Ìwọ́de Tí Kò Ní Ṣeé Já Ní Koro

Ní oṣù Karùn-ún 2020, ọlọ́pàá ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà gbé àtẹ̀jáde kan síta pé àìlera ṣe ọkùnrin kan nígbà tí òun àti ọlọ́pàá pàdé, ó sì kú. Kò sí orúnkún ọlọ́pàá tó wà lórí ọrùn rẹ̀ nínú àtẹ̀jáde náà, kò sí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tó fi wà níbẹ̀. Ká ní ọmọbìnrin ọdún 17 kan kò dúró létí títì kó gbé fóònù rẹ̀ sókè, kó má sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi parí, bóyá ibẹ̀ ni ìtàn George Floyd ìbá sùn sí. Ọmọ náà gbé fídíò yẹn sórí Facebook. Kí ọdún tó yípo, ilé ẹjọ́ ti dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi ìpànìyàn.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ nípa fídíò náà. Àtẹ̀jáde yẹn ni èmi fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Níbi yòówù kí aláṣẹ ti hu ìwà burúkú, sísẹ́ ló máa ń tẹ̀ lé e, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà sẹ́ kò pọ̀ rárá: kò ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ibí, tipẹ́tipẹ́ ni, kì í ṣe àwa, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ lù wá, èèyàn perete ló jáde. Akọ̀ròyìn tó mọṣẹ́ máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó tó kọ ìlà kan síta, ó ti kọ sísẹ́ náà sínú ìwé rẹ̀, ó sì ti ń wá ohun tí yóò dí ẹnu wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, yálà ẹ wà ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá ni o, tàbí fóònù kan ṣoṣo lẹ ní.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ẹ̀sùn náà ní gbólóhùn kan

"Ìjọba ń jẹ wá níyà" kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Ta ló ṣe kí ni, níbo, nígbà wo, sí ta, òfin wo ló sì rú? Ẹ gbìyànjú irú èyí: "Ọ̀gá ikọ̀ ọlọ́pàá pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn sí àwọn tó jókòó ní oríta ní aago méje alẹ́." Gbólóhùn yìí ṣeé tú palẹ̀. Ọ̀gá ikọ̀, àṣẹ, ìbọn, jíjókòó, oríta, aago méje: ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ sí apá ọ̀tún, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n máa fi sẹ́ ẹ sí apá òsì. Ibi tí apá ọ̀tún bá ṣófo ni iṣẹ́ ọ̀la wà. Bí ẹ kò bá wá rí ẹ̀rí fún "pàṣẹ", ẹ yọ ọ́. Ìbọn tó dún ti tó ìròyìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójú yín

Ẹni tó dé ibi ìwọ́de sábà máa ń kọjú fóònù sí ibi tí ariwo wà. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n fídíò tó fi ojú ẹni tó ń sunkún hàn, tí kò fi ibi tó wà hàn, àánú ló ń ṣeni, kò lè jẹ́rìí. Kí ẹ tó sún mọ́ ọn, ẹ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yí fóònù ká díẹ̀díẹ̀, kó mú orúkọ títì, òpó iná, ilé gíga, òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọjọ́, aago àti ibi tí ẹ wà sínú rẹ̀, àfi bí ohùn yín bá lè kó yín sí wàhálà. Ẹ má máa dá a dúró kí ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta tí kò já sàn ju ègé mẹ́wàá lọ, torí àárín ègé méjì ni agbẹjọ́rò wọn máa gbà wọlé. Ẹ ya nọ́ńbà ọkọ̀, àmì ara aṣọ, irú ìbọn. Bí èèpo ọta bá wà nílẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó lè hàn bó ṣe tóbi tó, ẹ má sì fọwọ́ kàn án.

Èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: ẹ bẹ̀rẹ̀ kí rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀. "Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ òkò" ni àwáwí tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, ìṣẹ́jú márùn-ún tó ṣáájú ìbọn ló sì ń dáhùn rẹ̀. Ní Sharpeville ní Gúúsù Áfíríkà, ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1960, ọlọ́pàá pa èèyàn 69, wọ́n sì ní àwọn èrò ló fẹ́ bo àwọn mọ́lẹ̀. Ayàwòrán Ian Berry wà níbẹ̀. Sísá ni àwọn èèyàn ń sá nínú àwòrán rẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ìbọn. Wọ́n lo àwòrán náà nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́.

Ní ti ara yín: ẹ mọ ọ̀nà méjì tí ẹ lè gbà jáde kí ẹ tó wọlé, ẹ má dúró sí àárín ọlọ́pàá àti èrò, ẹ sì pa ètò tó ń fi ìka tàbí ojú ṣí fóònù, kó jẹ́ nọ́ńbà nìkan ni yóò máa ṣí i. Ìka ṣeé fi tipátipá gbé lé fóònù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tọ́jú ẹ̀rí bí ẹyin

Fáìlì tó wà lórí fóònù tó gbà á sílẹ̀ ni ìyá. Ó ní ọjọ́, aago, àti nígbà mìíràn ibi tí wọ́n ti gbà á, nínú ara rẹ̀. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fídíò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, á sì nu gbogbo àlàyé yẹn kúrò. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe bí fídíò. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í gbé pẹ̀lú yín. Ẹ má gé ìyá fáìlì rárá. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa gé.

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní SHA-256. Á ka fáìlì yín, á sì bí òǹtẹ̀ gígùn kan tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohun tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ padà nínú fáìlì náà, òǹtẹ̀ tuntun ni yóò jáde. Ẹ kọ òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Lọ́dún kejì, nígbà tí wọ́n bá ní ẹ ti fọwọ́ yí i, ẹ ní ìdáhùn.

Ohun tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń kú. Ẹ fi ojú ìwé náà pamọ́ sí Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ rí i, pàápàá ẹni tó kọ ọ́. Ní 2017, ẹ̀rọ tí YouTube fi ń ṣọ́ fídíò ìpániláyà pa ọ̀pọ̀ fídíò ogun Síríà rẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó gbà wọ́n sílẹ̀ rò pé orí YouTube ni ẹ̀rí wọn ti ní ààbò. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ẹgbẹ́ bíi Syrian Archive tó ti ń kó wọn pamọ́. Ní Sudan, nígbà tí àwọn ológun tú àwọn afẹ̀hónúhàn ká ní Khartoum ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2019, íntánẹ́ẹ̀tì kú fún ohun tó lé ní oṣù kan. Àwọn tó tọ́jú fídíò sórí fóònù wọn ló jẹ́ kí ayé mọ̀ nígbẹ̀yìn: BBC Africa Eye, ẹ̀ka BBC tó ń ṣe ìwádìí ní Áfíríkà, lo fídíò tó ju 300 lọ láti to ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ yẹn jọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Níbo, nígbà wo, àwọn wo?

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí náà sì ni màá ti pẹ́ díẹ̀.

Ní oṣù Keje 2018, fídíò kan gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ sójà ń mú obìnrin méjì àti ọmọ méjì lọ lójú ọ̀nà eléruku. Wọ́n dì wọ́n lójú, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Àwọn kan ní Mali ni, àwọn mìíràn ní Cameroon. Ìjọba Cameroon ní irọ́ gbuu ni. Ẹ wo irú sísẹ́ tí èyí jẹ́: kì í ṣe ibí, kì í ṣe àwa. BBC Africa Eye àti àwọn olùwádìí tó bá wọn ṣiṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Níbo? Ẹ̀yìn àwọn èèyàn inú fídíò náà, òkè kan hàn lọ́ọ̀ọ́kán fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ya ìrísí orí òkè yẹn, wọ́n sì wá a kiri lórí Google Earth títí wọ́n fi rí èyí tó bá a mu, nítòsí ìlú kan tó ń jẹ́ Zelevet ní òkè àríwá Cameroon. Ìgbà náà ni wọ́n tó wá ilé, igi àti ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán sátẹ́láìtì. Gbogbo rẹ̀ dọ́gba.

Nígbà wo? Ilé kan wà nínú fídíò tó ti pòórá nínú àwòrán sátẹ́láìtì ọdún 2016. Ògiri kan sì wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì mọ ní apá ìparí 2014. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n rìn kì í hàn àfi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wo òjìji. Òjìji ẹni tó dúró ń sọ bí oòrùn ṣe ga tó àti ibi tó wà, ipò oòrùn ní ibì kan sì ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Wọ́n sọ àwọn sójà inú fídíò di aago oòrùn, ìṣirò náà sì já sí àárín ọjọ́ 20 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2015.

Àwọn wo? Ìbọn kan tó ṣọ̀wọ́n, Zastava M21, wà lọ́wọ́ wọn, àwọn sójà Cameroon kan sì ń lò ó. Orúkọ tí wọ́n fi ń pera wọn nínú fídíò àti ojú ìwé Facebook ṣe ìyókù. Kí ìwádìí náà tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ìjọba tó ní irọ́ ni ti kéde pé wọ́n ti mú sójà méje.

Kò sí ohun bòǹkẹ́lẹ́ kankan nínú irinṣẹ́ wọn. Google Earth Pro kò gba owó, ó sì ní àwòrán àtijọ́ tí ẹ lè fi ọdún kan wé èkejì. Àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti Yúróòpù, ọ̀fẹ́ ni, ó ń tún ibì kan yà ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè fi èèyàn hàn. SunCalc máa ṣe ìṣirò oòrùn fún yín. Àmọ́ kí ẹ tó fi ọjọ́ mẹ́ta wá òkè kiri, ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán kan láti inú fídíò wá a lórí Google, TinEye àti Yandex. Ọ̀pọ̀ "fídíò àná" ló jẹ́ ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ìṣẹ́jú kan péré ló sì gbà láti mọ̀. Ní ti àwòrán tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ya, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Ẹ béèrè fáìlì ìyá, kí ẹ sì wá ẹni kejì tó wà níbẹ̀ tó ya nǹkan náà láti igun mìíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Èèyàn mélòó ló jáde?

Kò sí ibi tí àwa oníròyìn ti ń ṣe ọ̀lẹ tó ibí yìí. Ní Hong Kong, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 2019, àwọn tó ṣètò ìwọ́de ní èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Ọlọ́pàá ní 338,000. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kọ nọ́ńbà méjèèjì, wọ́n sì fi òǹkàwé sílẹ̀ sáàárín.

Herbert Jacobs, akọ̀ròyìn tó di olùkọ́ ní yunifásítì California ní Berkeley, wá nǹkan ṣe sí i ní àwọn ọdún 1960. Fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ kọjú sí gbàgede tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ní ìlà tó pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Ó ka àwọn tó wà nínú igun díẹ̀, ó sì fi iye igun sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó rí ṣì wúlò títí di òní: níbi tí èrò ti fọ́n díẹ̀, nǹkan bí ẹnìkan ló ń gba mítà kan níbùú lóròó, níbi tí wọ́n ti sún mọ́ra, bí èèyàn méjì àtààbọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè yíra padà, bí mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Títì tó fẹ̀ ní mítà 20, tó gùn ní mítà 500, jẹ́ mítà 10,000 níbùú lóròó. Bí èrò bá fọ́n, èèyàn bí 10,000 ni. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, 25,000. Bí wọ́n bá há gádígádí, 40,000. Ẹ wá fi èyí dán ẹni tó ní mílíọ̀nù kan jáde wò: pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú mítà kọ̀ọ̀kan, títì tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kún fọ́fọ́ fún kìlómítà méjìlá àtààbọ̀. Ẹ wọn títì náà lórí Google Earth, kí ẹ sì yọ ibi tí ọkọ̀ àti igi wà kúrò. Bí ìwọ́de bá ń rìn, ẹ dúró sí ibì kan, ẹ ka iye tó kọjá ní ìṣẹ́jú kan, ẹ tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnìkejì yín máa kà ní ibi tó jìnnà sí yín. Ẹ kọ "láàárín 20,000 sí 30,000" síta, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tọ ipa owó àti ìwé

Fóònù kì í rí ìwà ìbàjẹ́ tí wọ́n hù nínú ọ́fíìsì. Ìwé ló ń rí i. Nígbà tí wọ́n mú olè márùn-ún nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic ní ilé Watergate ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 1972, ilé Ààrẹ fojú kéré rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ètò ìdìbò Ààrẹ Nixon ni ṣẹ́ẹ̀kì $25,000 kan tó yẹ kó wà nínú owó ìpolongo rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá nínú àkáǹtì ọ̀kan lára àwọn olè náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: lẹ́yìn ọdún méjì, ní oṣù Kẹjọ 1974, Nixon fipò sílẹ̀.

Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ní òfin tó jẹ́ kí ará ìlú béèrè ìwé ìjọba. Sweden ti ní tirẹ̀ láti 1766. Íńdíà fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ 30 láti dáhùn, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 20, Nàìjíríà ní ọjọ́ 7. Ẹ má béèrè "gbogbo ìwé nípa títì náà". Ẹ béèrè ìwé àdéhùn, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye owó tí wọ́n san àti ọjọ́ tí wọ́n san án. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé kọ̀. Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ náà ìròyìn ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹni tó ta yín lólobó

Bí ẹnìkan bá fún yín ní ìwé àṣírí, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "ṣé òótọ́ ni ìwé yìí?" Ẹ bi í pé: "Èèyàn mélòó ló ti rí ìwé yìí níbi iṣẹ́ yín?" Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, títẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe rí ti tó láti jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀. Ní 2017, ìkànnì ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà gbé àwòrán ìwé àṣírí ìjọba kan jáde. Àwọn àmì tóótòòtó aláwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀ tí ojú kò lè rí, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń fi sọ ọjọ́ àti ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ sẹ́wọ̀n. Ìjọba kò sọ pé àwọn àmì náà ni wọ́n fi mú un, àmọ́ wọ́n wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà wọ́n. Nítorí náà, ẹ tún ìwé kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara yín.

Signal, ètò orí fóònù tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹlòmíràn, ni kí ẹ máa fi bá àwọn tó ń ta yín lólobó sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ máa pa ara rẹ̀ rẹ́, kí fóònù sì wà nílé bí ẹ bá fẹ́ pàdé. Ìwádìí oṣù Keje 2021 nípa Pegasus, ètò amí tí wọ́n ń dọ́gbọ́n fi sínú fóònù, fi hàn pé fóònù akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀ lè di amí. Ní ti àwọn afẹ̀hónúhàn, ẹ fi àwọ̀ dúdú bo ojú wọn pátápátá. Ojú tí wọ́n kàn sọ di bàìbàì lè ṣeé tú padà. Fínfín ara, bàtà àti ohùn náà ń dáni mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́, kí ẹ to ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ ìdáhùn tó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ kí lẹ́tà náà tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí gbogbo ẹ̀rí ti wà ní ààbò. Ìdáhùn wọn, ẹ fi sínú ìròyìn, kí ẹ má fún un ní ìsàlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní kà á dé. Nígbà mìíràn, ìdáhùn gan-an ni ìròyìn: olóòtú ìjọba Iceland dìde kúrò lórí àga nígbà tí wọ́n bi í nípa ilé iṣẹ́ kan tó wà nínú Panama Papers, àwọn ìwé àṣírí tó tú síta nípa ilé iṣẹ́ tí àwọn èèyàn fi pamọ́ sókè òkun, kámẹ́rà sì ń gbà á sílẹ̀. Wọ́n gbé e jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2016. Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kún iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kéde pé ó máa fipò sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde

Òkò àbínúsọ kì í pa ẹyẹ. Ní oṣù Kẹwàá 1972, Washington Post kọ pé akápò ìpolongo Nixon ti sọ níwájú ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti gbé ẹ̀sùn yẹ̀ wò (grand jury) pé Haldeman, igi lẹ́yìn ọgbà Ààrẹ, wà lára àwọn tó ń darí owó bòǹkẹ́lẹ́ kan. Òótọ́ ni Haldeman ń darí owó náà. Àmọ́ akápò kò sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀, torí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ilé Ààrẹ di àṣìṣe kékeré yẹn mú, wọ́n sì fi na ìwé ìròyìn náà ní gbangba. Nítorí náà, ẹ wá ẹnìkan tí kò bá yín ṣe iṣẹ́ náà láti ka ìròyìn náà bí ọ̀tá, kó máa béèrè lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Lẹ́yìn rẹ̀, kí agbẹjọ́rò kà á.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá léwu, ẹ má dá a gbé. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Wọ́n fi bọ́ǹbù inú ọkọ̀ pa akọ̀ròyìn Daphne Caruana Galizia ní Malta ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 2017 torí ohun tó ń kọ. Ní oṣù Kẹrin 2018, akọ̀ròyìn 45 láti ilé iṣẹ́ ìròyìn 18 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde láti ibi tó dé. Nígbà tí ìwọ́de gba ìgboro Malta ní ìparí 2019, olóòtú ìjọba ibẹ̀ kéde pé òun máa lọ.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn yín bá jáde, ẹ kọ àwọn ọjọ́ mìíràn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ọjọ́ tí ìdáhùn ìwé ìjọba yóò pé, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìwádìí máa jókòó, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Àwọn sójà Cameroon yẹn, oṣù Kẹsàn-án 2020 ni wọ́n tó gba ìdájọ́. Mẹ́rin gba ẹ̀wọ̀n ọdún 10, ọ̀kan gba ọdún 2, wọ́n dá méjì sílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ọdún méjì gbáko lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti gbàgbé fídíò náà.